Alángbá tí ò lẹ́sẹ̀: kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ejò gan-an?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Kent nílùú ọba níbí ni mò ń gbé, lọ́jọ́ Sátidé mo ṣí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí mo fi bo ewéko jíjẹrà lẹ́yìnkùlé, àfi nǹkan tó ká jọ síbẹ̀ tó ń dán bíi bàbà, mo pariwo ejò, mo ti gbé ṣọ́bìrì sókè, ló bá ṣẹ́jú sí mi! Ejò wo ló ń ṣẹ́jú?

Bàbá òyìnbó tá a jọ ń gbé àdúgbò ní slow worm ni, pé alángbá ni, òfin ìlú ọba tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, ti ọdún 1981, ò sì gbà ká pa á. Mo wá a lórí Google: Anguis fragilis lorúkọ ẹ̀ lédè sáyẹ́ǹsì, ó ní ìpéǹpéjú, ó ń já ìrù ẹ̀ sílẹ̀ bíi alángbá ilé wa, ọmọ ló sì ń bí, kì í yé ẹyin síta. Ìyẹn yé mi.

Ọmọ mi ọmọ ọdún 9 ló wá dá mi lágara. Ó ní ṣé kì í ṣe ara alángbá ayé àtijọ́ ni ejò náà ti wá, tóun náà sọ ẹsẹ̀ nù? Mo wo fídíò méjì, mo bi tíṣà kan, "ejò ò ní ìpéǹpéjú" ṣáá ni wọ́n ń sọ, bẹ́ẹ̀ ọmọńlé ara ògiri wa náà ò ní, alángbá ṣì ni wọ́n kà á sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka bàọ́lọ́jì, kí ni wọ́n ń wò gan-an kí wọ́n tó fi slow worm sọ́dọ̀ alángbá, tí wọ́n á ya ejò sọ́tọ̀? Mo dúpẹ́ ṣáájú o, ọmọ yìí ò jẹ́ n sinmi.