Orléans sí òkun: èsì ìbéèrè mi

Ẹ kú ìdúró o. Mo bi yín nígbà kan bóyá ẹni tí kì í ṣe eléré ìdárayá lè gun kẹ̀kẹ́ láti Orléans, kó tẹ̀lé odò Loire dé òkun ní ilẹ̀ Faransé. Ó ṣeé ṣe, mo ti dé. Ọ̀nà náà tẹ́jú, àmì wà káàkiri, ibi tí a lè pàgọ́ sí kò sì wọ́n.

Afẹ́fẹ́ ni wàhálà ibẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ló ti sábà máa ń fẹ́ wá, ojú ló sì máa ń kọ ẹni tó bá ń lọ sókun. Lẹ́yìn Angers, àfi bíi pé ẹnìkan di kẹ̀kẹ́ mi mú. Ẹni tó bá fẹ́ ìrọ̀rùn, kó ti òkun bẹ̀rẹ̀. Èmi ṣáà fẹ́ kí òkun gbẹ̀yìn ni.

Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Nantes, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Couëron sí Le Pellerin. Ọ̀fẹ́ ni, tẹ̀yin ti kẹ̀kẹ́. Ẹ gba Paimbœuf dé Saint-Brevin. Ère egungun ejò ńlá tí oníṣẹ́ ọnà Huang Yong Ping ṣe wà létí òkun níbẹ̀, láti 2012. Ìgbà tí omi bá fà ni kẹ́ ẹ lọ wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi gàrí mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbé e lọ, mo sì mu ún tán.