“Agbára” hóró oògùn ni, àbí yíyi rẹ̀?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìwádìí àwọn apoògùn dábàá “agbára hóró” fún bí hóró oògùn ṣe ń fara da títẹ̀ kó tó là. Wọ́n tún pe àwọn róbótó tíntìntín inú kápúsù ní “ọta”. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Bí ẹnikẹ́ni bá yà wọ ìsọ̀ oògùn lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí, tó ní “èyí tó lágbára ni kẹ́ ẹ fún mi”, iye mílígíráàmù ló ń bá wa sọ. “Líle” náà kò gbà wá, torí oògùn líle lẹ́nu wa ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Yíyi ni mo fẹ́. Okùn tó yi, a fà á, kò já. Igi tó yi, a gé e títí, apá ń roni. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an nìyẹn: wọn a fún hóró mọ́ àárín irin méjì títí á fi là sí méjì. Láti ọdún 1970 ni Fell àti Newton, àwọn olùwádìí nípa oògùn, ti fi hàn bí a ṣe lè fi ipá tó là á, fífẹ̀ rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ ṣírò yíyi náà. Wọn a tún yí hóró nínú àgbá nígbà 100, láàárín ìṣẹ́jú 4. Èyí tó rún kúrò lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Hóró 500 mílígíráàmù lè rún nínú ọkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òmíràn sì lè yi jù, kó má tú nínú omi. Agbára méjèèjì dọ́gba, yíyi wọn ni kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ “ọta” ló dùn mí jù. Ta ni yóò kó ọta sẹ́nu aláìsàn? Wóró ni kí a pè é, bíi wóró jéró, torí kò ju ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan àbọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò sì ṣàjèjì sí Òṣogbo, ìlú aró: wọn a po ìyẹ̀fun oògùn mọ́ omi, wọn a tì í gba ojú ihò, wọn a wá dà á sórí àwo tó ń yí kíá títí á fi ṣù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ làwọn aláró fi ń ṣu èlú.

Mo ti fi “hóró” pè é rí. Obìnrin kan gba omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, fún bàbá rẹ̀ tí kò lè gbé kápúsù mì. Mo ní kó ṣí i sórí yógọ́ọ̀tì, kó má sì lọ hóró rẹ̀. Ọjọ́ kejì ó ní òun ti fi ọmọ ọlọ lọ̀ ọ́ kúnná. “Ẹ ní kí n má lọ hóró, kápúsù lẹ fún mi.” Ó jàre. Wóró kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀wù tí omi kíkan inú ikùn kì í tú, inú ìfun ló ń tú sí. Bí a bá ti lọ̀ ọ́, omi kíkan yẹn á ba oògùn náà jẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí sára páálí: “Ẹ ṣí kápúsù, ẹ má lọ wóró inú rẹ̀.”