Rirekisho: "ìwé ìtàn ìgbésí ayé" kọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ọ̀gá wa tó dábàá pé kí á máa pe rirekisho, ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́ ní Japan, ní "ìwé ìtàn ìgbésí ayé", mo júbà yín, àmọ́ n kò lè fara mọ́ ọn.

Ẹni tó ń pìtàn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wù ú. Rirekisho kò gbà bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù ni, gbogbo nǹkan ló ní àpótí tirẹ̀: orúkọ àti bí wọ́n ṣe ń pè é, fọ́tò tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4, tó fẹ̀ ní 3, ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí, àti ìdí tí iléeṣẹ́ yẹn gan-an fi wù ọ́. Ọdún ọba, tí wọ́n ń kà láti ìgbà tí ọba Japan gorí oyè, ni ọ̀pọ̀ ń kọ sí i. Reiwa ni orúkọ ìgbà ọba tó wà níbẹ̀ báyìí: 2019 ni Reiwa 1, 2024 sì di Reiwa 6. Ẹni tó bá ọ̀gá rẹ̀ jà kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀, gbólóhùn tí gbogbo ayé ń kọ náà ni yóò kọ, pé òun kúrò nítorí ọ̀rọ̀ ara òun. Ìtàn wo ló kù níbẹ̀? (Ẹni tó bá sì ń fọwọ́ kọ ọ́, tó ṣì í kọ, ìwé tuntun ni yóò mú, wọn kì í fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́.)

Ẹ wo àmì mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ "rirekisho" lédè Japan. Èkíní jẹ mọ́ bàtà àti fífẹsẹ̀ tẹlẹ̀, èkejì jẹ mọ́ ohun tí èèyàn ti là kọjá, ẹ̀kẹta ni ìwé. Ipasẹ̀ nìyẹn! "Ìwé ipasẹ̀" ni tèmi. Bí ẹnìkan bá ní yóò dà pọ̀ mọ́ "nípasẹ̀", ta ló ń sọ pé "ìwé nípasẹ̀"?

"Àkọsílẹ̀ iṣẹ́" tí àwọn kan mú wá dára, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ fún shokumu keirekisho, ìwé kejì tí wọ́n sábà máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń ṣàlàyé ohun tó gbé ṣe níbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òun ló sún mọ́ CV tí à ń kọ l'Ékòó.

Àpótí kan ló ṣì ń dà mí láàmú. Tẹ́lẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin lèèyàn máa ń fi àmì sí. Ní 2020 wọ́n yọ àpẹẹrẹ fọ́ọ̀mù náà kúrò nínú JIS, ìyẹn òdiwọ̀n orílẹ̀-èdè Japan. Ní 2021 ìjọba gbé tirẹ̀ jáde, ẹni tí kò bá wù láti kọ ọ́ lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kí ni ká kọ sórí àpótí yẹn? "Akọ tàbí abo" ń rùn bí ọjà ẹran létí mi. Ẹ dá sí i.