Àbúrò mi ò lè gún iyán mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìkéré: Ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ti sú mi. Láti ọdún tó kọjá ni oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti ń wú. Tó bá jí, ó máa ń lé ní wákàtí méjì kó tó lè di ẹ̀ṣẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, pé obìnrin Èkìtì wo ni kò lè gún iyán? Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wòlíì méjì. Dókítà ní làkúrègbé tó ń mú oríkèé ni, ó kọ oògùn, owó lábù nìkan fẹ́ẹ̀ tán wa. Kò sí àyípadà, ńṣe ló tún ń rù sí i, ẹnu rẹ̀ bó, kò lè jẹun. Ṣé ká fi oògùn òyìnbó sílẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì Ọ̀yẹ́: Ìyá ọkọ yẹn ló ń wá ọ̀rọ̀! Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń gún iyán. Láàárọ̀, kó ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10. Kó má fi ìka gbé ìkòkò, apá méjèèjì ni kó fi gbá a mọ́ra.

Apòògùn Adó: Kí lorúkọ oògùn náà? Mélòó ló ń lò, ìgbà wo?

Bàbá Ìjerò: Septrin ni kẹ́ ẹ fún un fún egbò ẹnu. Àgbo tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò náà dára, ọjọ́ kan náà ni ìrora máa lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Àgbo tó bá mú wíwú oríkèé lọ lọ́jọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po dexamethasone, oògùn steroid tó lágbára, mọ́ ọn. Tó bá pẹ́ lára, ojú á wú, ṣúgà á gòkè, eegun á di ẹlẹgẹ́. Téèyàn bá sì dá a dúró lójijì, ó lè dá a dùbúlẹ̀.

Ọmọ Ìkéré: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Ẹ̀rọ yẹn wọ́n, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ní iyán ẹ̀rọ kì í fà. Àyẹ̀wò ESR rẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ tó ń fi wíwú inú ara hàn, tiẹ̀ ti wálẹ̀, kí ló wá ń dùn ún?

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé: ESR nìkan ò tó. Oríkèé 28 ni wọ́n ń tẹ̀ wò: èjìká, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́ àti orúnkún méjì-méjì, ìdí ìka 10, agbedeméjì ìka 10. Wọ́n á ka èyí tó ń dùn ún, wọ́n á ka èyí tó wú, wọ́n á fi máàkì aláìsàn àti ti dókítà kún un, 0 sí 10 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Tí àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ bá lé ní 22, àìsàn ṣì ń jó lala; 10 sísàlẹ̀, ó ti ń rọlẹ̀. Ẹsẹ̀ ò sí nínú 28 yẹn o, kó bọ́ bàtà fún dókítà rí.

Apòògùn Adó: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. ORÚKỌ OÒGÙN.

Ọmọ Ìkéré: Methotrexate 2.5 mg. Wọ́n kọ "4" sára ọ̀rá. Àràárọ̀ ló ń lò ó, ọjọ́ 9 rèé, kò fo ọjọ́ kan. Folic acid la ò rà, wọ́n ní fítámì lásán ni.

Apòògùn Adó: Kó má lo ẹyọ kan mọ́! Ẹ̀ẹ̀kan LỌ́SẸ̀ ni wọ́n ń lò ó fún làkúrègbé. Mẹ́rin lójúmọ́ jẹ́ 10 mg, ọjọ́ 9 sì sọ ọ́ di 90 mg tó ti wọ ara rẹ̀, nígbà tí kò yẹ kó ju 20 lọ, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mejì péré. Oògùn náà ló bó o lẹ́nu: ó ń dí folate, fítámì tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, lọ́wọ́, ẹnu àti mùdùnmúdùn eegun tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Ọ̀nà kan náà ni Septrin ń gbà ṣiṣẹ́, ẹ má fi kún un láéláé! Èmójẹ́nsì lónìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ wò. Folinic acid ni wọ́n fi ń gbà á, kì í ṣe folic acid tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì.

Bàbá Ìjerò: Ẹ má bínú, n ò mọ̀.

Ọmọ Ìkéré: Ẹni tó kọ "4" kò kọ ọ̀sẹ̀ síbẹ̀, ẹ má dá wa lẹ́bi. Ara rẹ̀ ti ń gbóná látàná. Ṣé kò lè dúró di Mọ́ńdè?

Nọ́ọ̀sì Ìkọ̀lé: Rárá! Tí ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ bá ti tán, ibà yẹn lè pa á kó tó di Mọ́ńdè. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ báyìí: "methotrexate lójoojúmọ́, ọjọ́ 9, egbò ẹnu, ibà." Ẹ mú ọ̀rá náà dání. Ẹ sì bi í bóyá nǹkan oṣù rẹ̀ ti pẹ́, oògùn yẹn ń ba oyún jẹ́.

Ọmọ Ìkéré: Ọkọ rẹ̀ ti gbé mọ́tò dé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń bá a di ẹrù.