Ṣé purotéènì "olùrànlọ́wọ́" lè ba etí àti ọkàn ọmọ jẹ́ pọ̀?

Ìyá Àkànbí:
Ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 9, adití ni láti ìgbà tí mo ti bí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dákú níbi tó ti ń sáré. Àwọn ará àdúgbò ní wárápá ni, wọ́n ń ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Lóṣù tó kọjá, dókítà lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, bébà jáde, ó sì fi bírò ka àwọn àpótí kéékèèké lójú mi: 13. Ó ní ọkàn rẹ̀ ń pẹ́ jù kó tó sinmi. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun, èsì dé, wọ́n kọ KCNE1 sí i. Wọ́n ní purotéènì kékeré kan tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ lásán ni. Bó bá jẹ́ olùrànlọ́wọ́ lásán, báwo ló ṣe wá lágbára tó báyìí? Kí ló sì kan etí?

Olùkọ́ Físíọ́lọ́jì:
Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ yọ "lásán" yẹn kúrò.

Bí ọkàn bá lù tán, potásíọ̀mù gbọ́dọ̀ jáde nínú sẹ́ẹ̀lì kí iná inú rẹ̀ lè rọlẹ̀ de lílù tó kàn. KCNQ1 wà lára ilẹ̀kùn tó ń gbà jáde. KCNE1 kò ju ásíìdì amínò (ẹyọ tí wọ́n fi ń kọ́ purotéènì) 129 lọ, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ló há sí. Bí KCNQ1 bá dá wà, kíá ló ń ṣí, àmọ́ ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò tó nǹkan. Bí KCNE1 bá fara tì í, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣí, potásíọ̀mù tó ń jáde á sì pọ̀ ní ìlọ́po mélòó kan. Nígbà tí wọ́n rí KCNE1 ní 1988, wọ́n rò pé òun gan-an ni ilẹ̀kùn! Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n fi dán an wò, wọn ò mọ̀ pé ẹyin náà ti ní KCNQ1 tirẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 1996 ni àṣírí tú pé àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn.

Bí ọmọ bá ń sáré, ọkàn rẹ̀ á máa yára, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ilẹ̀kùn yìí ṣí dáadáa. Tiẹ̀ kò lè ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣubú.

Ní ti etí, àwọn méjèèjì yìí náà ló ń da potásíọ̀mù sínú omi etí inú. Láìsí i, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ ohùn kò lè ṣiṣẹ́. Ní 1957, àwọn dókítà méjì, Jervell àti Lange-Nielsen, kọ̀wé ní Norway nípa ọmọ mẹ́rin nínú ìdílé kan: adití ni wọ́n, wọ́n sì ń dákú, bíi ti ọmọ yín. Ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ lẹ fún un ní ẹ̀dà KCNE1 tó bàjẹ́ kọ̀ọ̀kan láìmọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Màmá, bí wọ́n bá fún un ní propranolol, oògùn tó ń mú kí ọkàn rọra lù, ẹ má jẹ́ kó fo ọjọ́ kan. Kó má lúwẹ̀ẹ́ nínú odò. Bí ibà bá mú un, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ń ta oògùn pé ó ní àìsàn ọkàn: àwọn oògùn bíi halofantrine (ti ibà) àti erythromycin (tó ń pa kòkòrò àìsàn) ń ti irú ilẹ̀kùn potásíọ̀mù mìíràn nínú ọkàn.

Ìyá Àkànbí:
Propranolol náà ni. Etí àbúrò rẹ̀ ń gbọ́ dáadáa ní tiẹ̀, ṣé kí n mú un lọ?

Olùkọ́ Físíọ́lọ́jì:
Ẹ mú un lọ. Kí ẹ̀yin àti bàbá wọn náà jẹ́ kí wọ́n lẹ wáyà mọ́ yín láyà.