Ìdáhùn mi ń tọ̀nà, àmọ́ máàkì ò wọlé: AP Calculus BC

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin òbí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. SS2 ni mo ṣe tán n'Ìbàdàn kí a tó kó wá síbí. Oṣù Karùn-ún ni màá ṣe AP Calculus BC, ìdánwò ìṣirò onípele yunifásítì tí àwọn ọmọ high school ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbí. Óbíjẹ́tíìfù kì í yọ mí lẹ́nu. Nínú 45, mo máa ń gba bíi 38. Ìbéèrè mẹ́fà tí a ń fọwọ́ kọ ni wàhálà mi. Nígbà tí a dánra wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, 23 ni mo gbà nínú 54, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdáhùn mi tọ̀nà níbi púpọ̀. Tíṣà wa kàn ń fi báírò pupa kọ "Why?" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi ni.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Èmi ò mọ calculus o, àmọ́ ṣé ò ń jẹun àárọ̀?

Tíṣà Ìṣirò:
Àbúrò, da ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ "Why?" sí kọ síbí, bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston:
Wọ́n ya graph f. Wọ́n ní g(x) = ∫₀ˣ f(t) dt, ibo ni g ti ní relative maximum? Mo kọ ọ́ pé: "It goes up and then it comes down, so x = 4." Ẹ̀ẹ́rin náà sì ni lóòótọ́.

Tíṣà Ìṣirò:
"It" yẹn ló pa ọ́. Ta ni "it"? Ṣé f ni, àbí g, àbí g′, ìyẹn derivative g? Ẹni tó ń máàkì kò ní bá ọ méfò. Ohun tó ń wá ò ju èyí lọ: g′(x) = f(x), f kúrò ní positive bọ́ sí negative ní x = 4, nítorí náà g ní relative maximum níbẹ̀. Sign chart, àtẹ tó ń fi ibi tí g′ ti jẹ́ positive tàbí negative hàn, nìkan ò tó o, àfi kí o fi gbólóhùn tì í lẹ́yìn. Tó bá sì jẹ́ pé Mean Value Theorem, òfin kan nínú calculus, lo fẹ́ lò, kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé function náà continuous láti a dé b, ó sì differentiable láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ ọ́n, wọn ò kàn kọ ọ́ ni.

Bàbá Bọ̀dé:
Past question ni kó máa ṣe! Bí a ṣe yege WAEC nìyẹn.

Tíṣà Ìṣirò:
Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ṣíṣe é nìkan ò tó, kó máa máàkì ara rẹ̀ náà. College Board, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà, gbé ìbéèrè àtijọ́ sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìlànà bí wọ́n ṣe ń pín máàkì 9 tó wà lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àbúrò, bo máàkì wọn mọ́lẹ̀, fún wọn ní tìẹ, kí o wá ṣí i wò.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà:
Má gbàgbé C o, nọ́ńbà tí a kò tíì mọ̀ tí a máa ń fi kún un tí a bá ṣe integration! Ó ti ṣe mí rí. Wo dy/dx = 2xy, y(0) = 3. Bí o bá kó y sí apá kan, x sí apá kejì, tí o kọ ln|y| = x² + C lójú ẹsẹ̀, y = 3e^(x²) ni yóò jáde. Èmi sáré dé e^(x²) kí n tó rántí C, mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀: y = e^(x²) + 2. Mo fi òdo sí x, ó fún mi ní 3, inú mi dùn. Irọ́ ni! Tí o bá differentiate rẹ̀, kò bá ìbéèrè mu. Tí o kò bá sì pín y sọ́tọ̀ kúrò lára x rárá, òdo ni gbogbo apá yẹn.

Tíṣà Ìṣirò:
Ẹ ṣeun, sà. Ti àkókò ńkọ́? Ìbéèrè méjì pẹ̀lú calculator, 30 ìṣẹ́jú. Mẹ́rin láìsí i, 60. Má fi àkókò ṣòfò lórí simplify, wọn ò béèrè rẹ̀. Décímà mẹ́ta tó. Orí kọ̀ǹpútà ni wàá ti ka ìbéèrè, inú ìwé ni wàá kọ ìdáhùn sí, nítorí náà máa fi ìyẹn náà dánra wò.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá jáde, mo sì ka "it" inú rẹ̀. Mọ́kànlá ni!

Ìyá Ìbejì:
O ò tíì dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ o.