Okùn wo ni kí n rà tí n ó máa fi fa ọkọ̀ tó bá rì sẹ́rẹ̀?

Ìyá Oníkòkó:
Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Sienna ni mo fi ń kó kòkó láti oko wa lẹ́yìn Ìdànrè wálé. Lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú àpò kòkó 6 nínú rẹ̀, ọkọ̀ rì dé àárín taya. Aládùúgbò oko wa gbé Hilux rẹ̀ wá láti fà wá jáde. Okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù la rí lò. A so ìkọ́ irin sí i lẹ́nu, a sì fi kọ́ abẹ́ bọ́ńpà mi. Ó fà á títí, kò mì. Ló bá fi ẹ̀yìn rìn padà kí okùn lè dẹ̀, ó wá fi eré sí i. Ibi tá a kọ́ ìkọ́ sí ló ya. Ìkọ́ yẹn fò gba ẹ̀gbẹ́ etí ọmọ mi ọkùnrin, ó sì fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn Hilux yángá. Ọmọ ọdún 14 ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dijú báyìí, ìró gíláàsì yẹn ni mò ń gbọ́.

Mo fẹ́ ra ohun tó nípọn, tí kò ní já. Ṣéènì ni àbí wáyà? Òjò ṣì ń bọ̀, kòkó ò sì lè dúró sóko.

Awakọ̀ Típà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. A dúpẹ́ pé ọmọ ò fara pa. Ṣéènì ni kẹ́ ẹ rà. Òun là ń lò nídìí iṣẹ́ yanrìn láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò rí i kó já rí.

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ṣéènì kì í nà rárá. Bẹ́ ẹ bá rọra fà á, kò burú. Àmọ́ tí ẹni tó ń fà bá fi eré já a gbà, gbogbo agbára yẹn á bọ́ sórí ibi tẹ́ ẹ kọ́ ọ sí lójú ẹsẹ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ya. Wáyà náà ńkọ́? Bó bá já, á nà padà bíi pàṣán, ó lè gé èèyàn lẹ́sẹ̀.

Ìyá wa, ẹ tún ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn kà. Okùn yín ò já o. Abẹ́ bọ́ńpà ló ya. Bẹ́ ẹ bá ra okùn tó nípọn ju ìtì igi lọ, tẹ́ ẹ tún fi kọ́ ibẹ̀, bó ṣe máa rí nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ṣe fún fífà. Lára àwọn ọkọ̀ kan, ọmọrí kékeré kan wà lójú bọ́ńpà; bẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí ihò tí wọ́n ń yí irin olójú kan wọ̀. Ẹ̀gbẹ́ jáàkì ni irin yẹn máa ń wà nínú bùútù. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wà, irin náà sì sábà máa ń ti sọnù kí ọkọ̀ tó dé ọwọ́ wa. Lára àwọn ọkọ̀ mìíràn, irin náà ti wà lábẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá á fi hàn yín. Ẹ má ṣì í mú ihò tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi o. Ìyẹn ò lè gba fífà inú ẹrẹ̀.

Awakọ̀ Típà:
Ó yé mi, àbúrò. Òótọ́ ni pé típà ń fa típà ni tiwa, irin iwájú rẹ̀ sì lágbára gan-an. Mi ò ro ti Sienna.

Ará Èbúté Àpápá:
Kéréènì ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí a fi ń gbé ẹrù máa ń ní àwọ̀ tó ń sọ agbára rẹ̀: èsè àlùkò jẹ́ tọ́ọ̀nù 1, àwọ̀ ewé 2, òféèfèé ìyẹn yẹ́lò 3, eérú 4, pupa 5. Sienna láìsí ẹrù tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2, ẹrẹ̀ sì ń fà á padà bí ẹní fi ẹnu fà á mọ́lẹ̀. Nítorí náà orí yẹ́lò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n rán ojú rẹ̀ méjèèjì pa pọ̀ láti ilé iṣẹ́, tí pépà tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí ṣì wà lára rẹ̀. Èyí tó ti gé létí tàbí tí oòrùn ti sá, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ má ta á ní kókó o, kókó ń jẹ agbára okùn gan-an.

Ẹ má lo ìkọ́ mọ́. Shackle ni kẹ́ ẹ rà, ìyẹn irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, tí wọ́n ń fi irin mìíràn dí lẹ́nu; kó jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sára irin rẹ̀. Èyí tí irin rẹ̀ nípọn tó ínṣì 3/4 sábà máa ń ní 4.75T lára, ìyẹn tọ́ọ̀nù 4.75. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan, ẹ má fi owó yín ra ikú. Bẹ́líìtì yìí náà kì í nà púpọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi fà.

Àbúrò Houston:
Ẹ kú ìnira, mà. Okùn tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù hun wà níbí, tó máa ń nà tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ni wọ́n ń fi já ọkọ̀ gbà lọ́nà tí kò fi ní tètè ya nǹkan. Ṣùgbọ́n jíìpù tó ní irin fífà gidi níwájú àti lẹ́yìn ló wà fún. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lò ó fún Sienna. Ohun kan péré tí mo fẹ́ bẹ̀ yín: bí Hilux aládùúgbò yín bá ní bọ́ọ̀lù irin lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń fi fa tìrélà kékeré, ẹ má fi okùn kọ́ ọ. Ó lè kán, kó sì fò bí ọta ìbọn. Ó ti pa èèyàn ní Ọsirélíà.

Ìyá Alágbàdo:
Ṣé ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé àpò kòkó 6 ń ṣe kí ni nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń fà á? Àpò kan ju kílò 60 lọ! Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀, ìyá. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ iwájú taya àti ti abẹ́ ọkọ̀. Taya iwájú ló ń wa Sienna, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ jù. Ẹ fi pákó tẹ́lẹ̀ jáàkì kó má baà rì, ẹ gbé taya sókè, ẹ kó òkúta àti imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ti ọwọ́ tàbí orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì o. Mo tún máa ń tú afẹ́fẹ́ taya iwájú sílẹ̀ títí yóò fi kù bíi 18 psi lójú géèjì, kí n tó fún un padà tí mo bá ti dé títì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ̀ mi ti jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á.

Ìyá Oníkòkó:
Háà! A ò sọ ẹrù kankan kalẹ̀. Òjò ń ṣú bọ̀, mo ń ro kòkó. Ẹ ṣeun gan-an ni. Bó bá wá di dandan ká fà á, ibo ni kí àwọn èèyàn dúró?

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́:
Bí okùn bá gùn ní mítà 8, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ tó mítà 12. Kí ẹnì kankan má dúró láàárín ọkọ̀ méjèèjì, kí wọ́n má sì fẹsẹ̀ dá okùn kọjá. Ẹni tó wà nídìí sítíárìn nìkan ni kó wà nínú Sienna, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, torí bó bá kú, sítíárìn àti búréèkì á le. Ẹ fi àpò ọ̀rá tẹ́ ẹ bu yanrìn díẹ̀ sí kọ́ àárín okùn, kó lè wó lulẹ̀ bó bá já. Kí Hilux dúró lọ́gangan iwájú yín, kó kọ́kọ́ na okùn tán, kó wá lo gíà ìkíní jẹ́jẹ́. Bí kò bá mì, ẹ padà sídìí ṣọ́bìrì.

Ìyá Oníkòkó:
Mo ti yẹ bùútù wò báyìí. Jáàkì wà níbẹ̀, irin olójú ò sí. Ọmọ mi ló bá mi tan iná sábẹ́ ọkọ̀. A rí irin kan tó tẹ̀ bí òrùka lápá ọ̀tún. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀, mò ń fi ránṣẹ́ sí yín. Àbúrò mi mẹkáníìkì, ṣé òun nìyí àbí ti ọkọ̀ ojú omi ni?

Mẹkáníìkì Àkúrẹ́:
Ẹ tún un yà láti ẹ̀gbẹ́, mà. Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe jó o mọ́ irin ọkọ̀ kí n tó dáhùn.